Àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù lórí pátákó àlejò àti ìwé ìléwọ́: báwo la ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní di owó òfo?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ ìlú wa fẹ́ ṣe pátákó mẹ́ta fún àwọn àlejò tó ń wá gun òkè wa: ọ̀kan lẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ọ̀kan níbi ìsinmi láàárín àtẹ̀gùn, ọ̀kan lókè téńté. A tún fẹ́ tẹ ìwé ìléwọ́ 2,000, A4 tí a ṣẹ́ sí mẹ́ta. Wẹ́ẹ̀bù náà ti wà nílẹ̀: ìtàn òkè, owó ìwọlé, àkókò tí a ń ṣí, máàpù. Dísáínà ti gbé iṣẹ́ wá. Ohun tó kọ sórí gbogbo rẹ̀ nìyí (mo ti yí orúkọ wa padà):

https://www.orukoyin.org.ng/index.php?page=ibi-abewo&id=14

Lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ewé ni, ó fa ìlà sí i nídìí, ó sì fi kóòdù QR sí igun ìsàlẹ̀ ìwé lápá ọ̀tún. Alága ní ká yọ àdírẹ́sì kúrò, pé kóòdù nìkan ti tó. Akápò ní kóòdù ló yẹ ká yọ, pé àwọn àgbà kì í lò ó. Ẹnì kan tún ní ká fi àmì ohùn sí orúkọ ìlú nínú àdírẹ́sì kó lè jẹ́ Yorùbá gidi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé máa wọ ẹ̀rọ. Èwo ni ká ṣe?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má tíì jẹ́ kó wọ ẹ̀rọ.

Méjèèjì ni kó wà níbẹ̀. Kóòdù wà fún ẹni tó fẹ́ yà á lójú ẹsẹ̀. Àdírẹ́sì tó ṣeé kà wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kámẹ́rà fóònù rẹ̀ ti ṣú, fún ẹni tó fẹ́ pè é fún ẹlòmíràn lórí ìpè, àti fún ẹni tó mú ìwé délé tó fẹ́ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n èyí tí dísáínà kọ yẹn, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà àti àmì 58 ni! Bí ènìyàn bá ti dé ibi àmì ìbéèrè yẹn, ó ti sú u.

Kí ó má ju orukoyin.org.ng lọ, tàbí orukoyin.org.ng/1. Ẹ yọ https:// kúrò lójú ìwé. Fóònù máa wá a fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ìlà ìdí rẹ̀ náà. Ìlà yẹn máa ń gé ìrù g, y àti p, bí underscore (_) bá sì wà nínú àdírẹ́sì, ìlà á gbé e mì.

Pupa lórí àwọ̀ ewé kò dára rárá. Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya àwọ̀ méjèèjì yẹn sọ́tọ̀. Dúdú lórí funfun ni kẹ́ ẹ ṣe, kí dísáínà sì lo K 100% (yíǹkì dúdú) nìkan nínú CorelDRAW, kó má lo dúdú tí wọ́n fi àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pò. Bí pléètì mẹ́rin bá yẹ̀ lórí ara wọn díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kóòdù á yọ òjìji àwọ̀, lẹ́tà kéékèèké á sì ṣú pọ̀.

Ní ti igun ìwé, ọ̀bẹ ìgéwé máa ń yẹ̀. Ẹ gbé kóòdù jìnnà sí etí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà kan ó kéré tán, kó má sì bọ́ sórí ojú ibi tí ẹ ti ń ṣẹ́ ìwé. A4 tí a ṣẹ́ sí mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 99, àyè wà dáadáa.

Tẹkí Bọ̀ì

Kí ló le níbẹ̀? Àwọn ojúlé tó ń gé líǹkì kúrú lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ lọ jàra. Ẹ lẹ àdírẹ́sì yẹn mọ́ wọn, wọ́n á sọ ọ́ di kékeré. Ẹ tún lè gba dynamic QR lọ́dọ̀ wọn, ẹ ó lè yí ibi tó ń lọ padà láì tún ìwé tẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ìyá Sáfà

Àbúrò mi, ìyẹn dára fún ìpolówó òde àríyá tó máa parí ní Sátidé. Kì í ṣe fún pátákó tó máa dúró fún ọdún márùn-ún.

Ẹ wo goo.gl tí Google alára dá sílẹ̀. Láti 2019 ni wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe tuntun níbẹ̀ mọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 2025, wọ́n pa àwọn tí wọ́n rí i pé ènìyàn kò lò mọ́. Bí Google bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ilé-iṣẹ́ kékeré tí ẹ kò mọ olówó rẹ̀ máa ṣe? Àwọn dynamic QR ọ̀fẹ́ kan tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún yín. Tó bá pé, àlejò tó ya kóòdù yín á bá ara rẹ̀ lójú-ewé tí wọ́n ti ń béèrè owó lọ́wọ́ yín. Ìwé ti jáde, pátákó ti dúró.

Agbára láti yí ibi tí líǹkì ń lọ padà tí Tẹkí Bọ̀ì sọ yẹn, ẹ ní i tẹ́lẹ̀ lórí dómẹ́ènì tiyín. Bí hosting yín (ilé-iṣẹ́ tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù yín) bá ń lo Apache, ètò tó ń gbé ojú-ewé jáde (hosting tó ní cPanel, ojú ìṣàkóso rẹ̀, sábà máa ń lò ó), ẹ ṣí fáìlì .htaccess, ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí (302 ni nọ́ńbà ìdarí onígbà díẹ̀):

Redirect 302 /1 https://orukoyin.org.ng/index.php?page=ibi-abewo&id=14

Ẹ ṣe /1 fún géètì, /2 fún ibi ìsinmi, /3 fún òkè, /4 fún ìwé ìléwọ́. Gbogbo wọn lè lọ sójú-ewé kan náà lónìí. Lọ́la bí ẹ bá tún wẹ́ẹ̀bù ṣe, ìlà mẹ́rin péré lẹ máa yí padà. Ẹ ó sì máa rí i nínú àkọsílẹ̀ sáfà iye ẹni tó wá láti ara pátákó wo. Bó bá jẹ́ WordPress, plugin kan wà tó ń jẹ́ Redirection tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láì fọwọ́ kan fáìlì.

Dẹ́fù Ìbàdàn

Mo fara mọ́ Ìyá Sáfà, àfi lórí 302. Ṣé 301 kọ́ ló yẹ? Òun ni Google fẹ́ràn.

Ìyá Sáfà

Google kọ́ là ń ṣe èyí fún. 301 ń sọ fún fóònù pé «ibí yìí ti kó lọ pátápátá», fóònù á sì rántí rẹ̀. Bí ẹ bá wá darí /1 síbòmíràn lẹ́yìn náà, ẹni tó ti ṣí i rí lè máa bá ara rẹ̀ níbi àtijọ́. 302 kì í fa ìyẹn. Fún ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé, 302 ni.

Dẹ́fù Ìbàdàn

Ó yé mi, ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un: orukoyin.org.ng àti www.orukoyin.org.ng gbọ́dọ̀ ṣí méjèèjì, torí àwọn tó máa fọwọ́ ara wọn fi www sí i pọ̀. Ẹ yẹ DNS (ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ ibi tí dómẹ́ènì wà) wò pé méjèèjì ní ìlà tiwọn níbẹ̀, kí ẹ sì yẹ sàtífíkéètì (ẹ̀rí ààbò tí https ń lò) wò pé orúkọ méjèèjì wà nínú rẹ̀. Èyí tó wá láti Let's Encrypt, tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 90 ló ń lò. Bí ìsọdọ̀tun rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, àlejò máa rí ìkìlọ̀ pupa pé ibẹ̀ kò láàbò, wọ́n á sì sá.

Lójú ìwé fúnra rẹ̀, èmi máa fi www sílẹ̀ o. Ará ìlú tó bá rí www mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Lẹ́tà mẹ́rin ni www àti dọ́ọ̀tì rẹ̀ ń jẹ lórí ojú ìwé tó fẹ̀ ní mìlímítà 99. Bí ẹ bá kọ «Lórí íntánẹ́ẹ̀tì:» ṣáájú, tàbí tí .ng bá wà nídìí rẹ̀, wọ́n máa mọ̀.

Dẹ́fù Ìbàdàn

Lórí ìwé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Lórí pátákó tí àyè pọ̀, mi ò yí ohùn padà.

Olùkọ́ Èdè

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi àmì sí àdírẹ́sì, ìfẹ́ èdè ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni. Fún íntánẹ́ẹ̀tì, ọ àti o jẹ́ lẹ́tà méjì tí kò bára wọn tan. Ẹni tó bá tẹ èyí tí kò ní àmì kò ní dé ibi tí èyí tó lámì wà. Nínú DNS, èyí tó lámì á di nǹkan gbọọrọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--. Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì orí fóònù ọ̀pọ̀ àlejò á fún wọn ní é bí wọ́n bá tẹ e mọ́lẹ̀ pẹ́, kò ní fún wọn ní ẹ.

Ẹ fi gbogbo àmì sí orúkọ ìlú níbi àkọlé, ní lẹ́tà gàdàgbà, níbi tó ti yẹ ẹ́. Àdírẹ́sì á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìhòòhò. Kí ẹ sì ṣọ́ dísáínà: bí ó bá lo «wá kí o sì rọ́pò» láti fi àmì sí orúkọ ìlú káàkiri ìwé, yóò fi sí inú àdírẹ́sì náà láì mọ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kékeré kan báyìí, ẹni tó ń ka prúùfù (ẹ̀dà àyẹ̀wò) kì í sábà rí i.

Ẹ má fi dáàṣì sáàárín orúkọ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Tí ènìyàn bá ń pe àdírẹ́sì lórí fóònù, dáàṣì ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Onímọ̀ Kóòdù

Àdírẹ́sì gígùn ń pa kóòdù QR náà lára. Bí ó bá ṣe gùn tó ni àpótí dúdú-funfun inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kéré sí i. Lẹ́tà 58 yẹn, ní ìpele àtúnṣe M (bí kóòdù ṣe lè bàjẹ́ tó kó ṣì ṣeé yà), á di àpótí 33 níbùú, 33 lóòró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 2, àpótí kan á jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.6. https://orukoyin.org.ng/1 jẹ́ 25 péré: àpótí 25 sí 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó mìlímítà 0.8. Fóònù olówó pọ́ọ́kú mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. (Nínú kóòdù, ẹ fi https:// sílẹ̀ o. Ojú ìwé nìkan la ti ń yọ ọ́. Láìsí i, àwọn ẹ̀rọ ìyàkóòdù kan á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, wọn ò ní fún un ní líǹkì.)

Ìpele àtúnṣe mẹ́rin ló wà: L ń gba ìbàjẹ́ tó nǹkan bí 7%, M 15%, Q 25%, H 30%. M tó fún ìwé ìléwọ́. Ọgbọ́n kan wà fún pátákó: bí ẹ bá kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá nínú kóòdù, HTTPS://ORUKOYIN.ORG.NG/1, QR ní ọ̀nà tó ń gbà dì í tó fúnpọ̀ ju ti lẹ́tà kékeré lọ. Ẹ ó rí ìpele Q nínú àpótí 25 sí 25 yẹn kan náà. Ní lẹ́tà kékeré, Q á fẹ̀ ẹ́ di 29 sí 29.

Àyè funfun yí i ká gbọ́dọ̀ tó àpótí mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kóòdù bá jẹ́ mìlímítà 20 pẹ̀lú àpótí 0.8, àyè náà jẹ́ 3.2 lọ́tùn-ún lósì, àpapọ̀ rẹ̀ 26.4. Àwọn dísáínà fẹ́ràn láti fi férémù há a mọ́ra. Ẹ má gbà.

Ìwọ̀n rẹ̀: ẹ pín bí àlejò ṣe jìnnà tó sí mẹ́wàá. Ẹni tó dúró ní mítà kan àtààbọ̀ síwájú pátákó nílò kóòdù sẹ̀ǹtímítà 15. Ìwé tó wà lọ́wọ́, 2 sí 2.5. Ẹ má gbé lógò ìlú sí àárín rẹ̀. Ẹ má yí i padà di funfun lórí dúdú. SVG tàbí PDF ni kẹ́ ẹ gbé fún atẹ̀wé, bó bá sì jẹ́ WhatsApp lẹ fi ń ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, yóò fún un pa, ẹ̀gbẹ́ àpótí á sì rí kúrukùru.

Dẹ́fù Ìbàdàn

Ìkìlọ̀ lórí lẹ́tà ńlá: orúkọ dómẹ́ènì nìkan ni kò bìkítà fún ńlá tàbí kékeré. Ohun tó wà lẹ́yìn síláàṣì, sáfà Linux máa ń ya wọn sọ́tọ̀. Bí ẹ bá lo /mapu tí kóòdù sì sọ pé /MAPU, òfo ni àlejò máa bá. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà Ìyá Sáfà fi dára: 1 kò ní ńlá, kò ní kékeré.

Oníbọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n Onímọ̀, kí ló dé tí ẹ dúró lórí Q? Níta gbangba, òjò, ìgbẹ́ ẹyẹ, ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́. H ni kí wọ́n lò.

Onímọ̀ Kóòdù

H á gbé e lọ sí 29 sí 29. Lórí sẹ̀ǹtímítà 15, àpótí kan ṣì ju mìlímítà 5 lọ, kò sí wàhálà. Mo gbà fún pátákó. Kí wọ́n má gbé H lọ sórí ìwé ìléwọ́ ṣá.

Oníbọ́ọ̀dù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nípa pátákó fúnra rẹ̀, ẹ má lo flex (aṣọ báńà oníke) fún ibi tí kóòdù wà. Flex máa ń rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n, kóòdù tó bá ká kò ṣeé yà. Ẹ tẹ SAV (sítíkà fáínílì), ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó PVC tó le tàbí aluminium composite, kí ẹ fi lamination aláìdán bò ó. Oní-dídán máa ń tan oòrùn ọ̀sán padà sójú kámẹ́rà. Pátákó tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà yìí jù, tí kì í sì í pẹ́ ṣá. Ẹ fi òrùlé kékeré sí i lórí.

Kí àárín kóòdù wà ní mítà 1.2 sí 1.4 sílẹ̀. Ẹ má gbé e síbi tí ẹni tó ń yà á máa dínà àtẹ̀gùn.

Èyí tó ń dín owó kù jù ni pé kẹ́ ẹ má tẹ àdírẹ́sì àti kóòdù mọ́ ara pátákó ńlá. Ẹ ṣe pákó kékeré lọ́tọ̀, 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi skúrúù mẹ́rin dè é mọ́ ọn. Bí ohunkóhun bá yí padà, òun nìkan lẹ máa ṣí.

Lẹ́tà àdírẹ́sì: gíga sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta. Ẹ yẹra fún fọ́ǹtì tí I ńlá àti l kékeré ti jọra bíi ti Arial. Verdana yà wọ́n sọ́tọ̀.

Amọ̀nà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ti bébà àti ti pákó tán. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Lẹ́yìn àpáta ńlá, tàbí ní kòtò láàárín òkè méjì, fóònù lè má rí nǹkan kan. Kóòdù ibi ìsinmi yẹn lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ mú fóònù tó ní síìmù MTN, Airtel àti Glo lọ síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó pinnu. Bí kò bá sí, ẹ yọ kóòdù kúrò níbẹ̀, ẹ fi àyè náà kọ ìtàn. Ní géètì kí ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà: «Ya èyí kí o tó gùn: máàpù òkè». Ẹ rí i pé mo kọ ohun tó wà níbẹ̀? Kóòdù tí kò sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àlejò máa wò ó kọjá.

Nọ́ńbà pàjáwìrì, aago tí ẹ ń ti géètì, ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀, gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lórí pátákó ní kíkọ. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn kóòdù. Owó ìwọlé tó ń yí padà ló yẹ kó wà lórí wẹ́ẹ̀bù. Kí ojú-ewé tí /1 ń ṣí sì fúyẹ́, kó má kọjá 500 KB. Dátà ọ̀wọ́n.

Akápò Àgbà

Owó ìwọlé lórí wẹ́ẹ̀bù nìkan? Ẹni tó dúró ní géètì tí kò ní dátà ńkọ́? Wọ́n á ní ẹ ń bu iye tó wù yín lé wọn.

Amọ̀nà

Ẹ jàre sà. Lórí pákó kékeré tí Oníbọ́ọ̀dù sọ, kẹ́ ẹ kọ iye owó àti ọdún rẹ̀ síbẹ̀. Orí ìwé ìléwọ́ 2,000 ni kó má wà.

Tẹkí Bọ̀ì

Mo gba ti líǹkì kúrú, mo ti gbọ́. Nǹkan mìíràn rèé: àwọn oníjìbìtì máa ń lẹ sítíkà QR tiwọn mọ́ orí èyí tó wà níta, pàápàá níbi tí owó bá ti ń wọlé. Àdírẹ́sì tó ṣeé kà lábẹ́ kóòdù wúlò níbẹ̀, àlejò á fi í wé ohun tí fóònù rẹ̀ gbé jáde. Ẹ tún kọ «A kì í gba owó lórí kóòdù yìí» sí i bí ẹ kì í bá gbà á, kí òṣìṣẹ́ géètì sì máa fi èékánná wò ó láràárọ̀ bóyá sítíkà wà lórí rẹ̀.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. A ti dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tí dísáínà ṣe báyìí fún ojú ìwé ìléwọ́ ni:

Fún máàpù àti ìtàn, ẹ lọ sí orukoyin.org.
ng/4.
WhatsApp: wa.me/080…

Atẹ̀wé Ṣómólú

Àṣìṣe mẹ́ta. Àdírẹ́sì ti já sí méjì, ẹni tó bá ka ìlà àkọ́kọ́ máa gbà pé orukoyin.org ló parí sí, ti ẹlòmíràn sì lè ni ìyẹn. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀. Bí ó bá di dandan kó já, ṣáájú síláàṣì ni kó ti já, láìsí dáàṣì. Dọ́ọ̀tì ìparí gbólóhùn yẹn, ẹ yọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nọ́ńbà inú wa.me (líǹkì WhatsApp) kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0: 234 ni, kí nọ́ńbà tó kù tẹ̀ lé e, láìsí àmì àròpọ̀. Bó bá jẹ́ pé kíkà lásán ni, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, ẹ fi wa.me sínú kóòdù.

Ìyá Sáfà

Ta ló forúkọ dómẹ́ènì yẹn sílẹ̀? Bó bá jẹ́ ímeèlì dísáínà ló wà níbẹ̀, ẹ gbà á padà kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ. Ìránnilétí ìsọdọ̀tun á máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ lè má tún rí mọ́, bí dómẹ́ènì bá sì já, ẹnikẹ́ni lè rà á, pátákó yín á máa darí àlejò sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ímeèlì ìgbìmọ̀ síbẹ̀, èyí tí ẹni méjì lè ṣí, kí ẹ sì san ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó tà á fún yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Síìmù WhatsApp yẹn náà, kó má wà lórúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀, kí ẹ sì máa fi pè. Síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè tì í, kí wọ́n tó tún un tà fún ẹlòmíràn.

Onímọ̀ Kóòdù

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí prúùfù: ẹ tẹ ẹyọ kan jáde ní ìwọ̀n gidi, lórí bébà gidi, kò tó láti wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ yà á pẹ̀lú iPhone kan àti Android mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí gíláàsì kámẹ́rà rẹ̀ ti họ. Àwọn Android àtijọ́ kan kì í yà á pẹ̀lú kámẹ́rà lásán, ẹ fi Google Lens gbìyànjú. Ẹ ṣe ti pátákó ní aago kan ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ náà rí ní ìwé, kó fọwọ́ tẹ àdírẹ́sì láì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé, ẹ wo lẹ́tà tó ṣì í lójú, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ìyá Sáfà, ímeèlì dísáínà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti ń pè é.